Òkúta Tí Bàbá Sánmà Sọ Di Irin

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọkùnrin kúkúrú tó gun orí àga, tó wá ń bínú sí àwọn tó wà nílẹ̀ pé wọn kò ga, ẹ ti mọ Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòràwọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́.

Orí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni ilé ìwòràwọ̀ náà wà. Ó ní ọ́fíìsì díẹ̀, ó ní gbọ̀ngàn àlejò, ó sì ní yàrá awò, tí òrùlé rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Inú yàrá yìí ni awò awọ̀nàjíjìn wà, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í pariwo. Kí ọkùnrin yìí tó dé, ẹ lè jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹ má gbọ́ ju ìró bàtà àti kẹ́tùlù tó ń hó lọ.

Ibi tó ti wá kò bá ìràwọ̀ tan. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òdòdó àti koríko iwájú ilé ìjọba ló ti ń ṣe ọ̀gá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ká kí ènìyàn káàbọ̀, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Mínísítà lọ ṣí ọgbà òdòdó kan, ọkùnrin yìí kí i títí oòrùn fi kúrò lókè orí. Ó pè é ní oòrùn, ó pè é ní òṣùpá, ó pè é ní ìràwọ̀ òwúrọ̀. Mínísítà yíjú sí àwọn tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Ọkùnrin yìí mọ̀ nípa ojú ọ̀run gan-an o." Bí wọ́n ṣe fi í jẹ Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòràwọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tó wọlé ló fi ara rẹ̀ joyè. Ó ní Bàbá Sánmà ni kí wọ́n máa pe òun. Ó pàṣẹ pé bí òun bá ń kọjá, kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, títí kan ẹni tó gbé ojú lé awò, bí ohun tó ń wò tilẹ̀ ń sá lọ. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà bí kò bá sí nítòsí, ló máa ń ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kéde rẹ̀. Bí Bàbá Sánmà bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ní ààrá sán. Bí ó bá sùn ní ìpàdé, á ní kí gbogbo wa rọra, sánmà ń ronú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà ni Bàbá Sánmà rìn káàkiri láti mọ iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. Ó dé yàrá Ìyá Ìbejì. Obìnrin yìí ni olórí ẹ̀ka tó ń to àwọn òkúta ojú ọ̀run sí ìsọ̀rí. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í sì í rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun ẹ̀rín, èyí tó jẹ́ àléébù ńlá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

"Kí ni iṣẹ́ tìrẹ?" Bàbá Sánmà bi í.

"Òkúta ni mò ń tò, sà."

"Òkúta. Nínú ilé ìràwọ̀."

Ìyá Ìbejì fi àwòrán ńlá kan hàn án lára ògiri. Ó ní láàárín Máàsì àti Júpítà, àwọn òkúta tí kò lóǹkà ń yí oòrùn ká, wọ́n ká a mọ́ bí ìgbànú. Òmíràn nínú wọn fẹ̀ ju odidi ìpínlẹ̀ lọ, òmíràn kò ju ilé lọ. Ó ní ọwọ́ ò lè tó wọn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá ta sí wọn lára tó padà wá bá wa ni àwọn ń yẹ̀ wò. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́.

"Oríṣi wo àti oríṣi wo ló wà?"

"Ó pọ̀, sà, ṣùgbọ́n mẹ́ta la máa ń dárúkọ jù. Ẹlẹ́èédú, àwọn yẹn dúdú, ìmọ́lẹ̀ kì í fẹ́ kúrò lára wọn. Alápàáta, àwọn yẹn jọ òkúta ilẹ̀ wa níbí. Onírin, irin ló pọ̀ nínú tiwọn, wọ́n sì máa ń mọ́lẹ̀ ju ẹlẹ́èédú lọ."

"Èwo ló pọ̀ jù nínú wọn?"

"Ẹlẹ́èédú, sà. Bí ẹ bá ka mẹ́rin, bíi mẹ́ta á jẹ́ ẹlẹ́èédú."

Ojú Bàbá Sánmà yí padà. "Lábẹ́ àkóso mi? Mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ èédú?"

"Bí wọ́n ṣe wà kí ẹ tó dé nìyẹn, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣáájú mi ló bà á jẹ́."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àṣẹ tuntun ti jáde. Kò sí ẹlẹ́èédú mọ́, kò sí alápàáta, kò sí onírin. Ohun tó wà báyìí ni Òkúta Ọlọ́lá, Òkúta Ọmọlúwàbí, àti Òkúta Tó Ń Fẹ́ Àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní irú ọgbọ́n báyìí kì í ṣe ti ayé yìí, èmi náà sì gbà fún un.

Ohun kan tún bí Bàbá Sánmà nínú lára àwòrán ògiri náà. Ó rí àwọn àlàfo kan láàárín ìgbànú òkúta yẹn, ibi tó dà bíi pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá. Ìyá Ìbejì ní Júpítà ló fà á. Ó ní Júpítà tóbi, ó ń fa nǹkan mọ́ra, òkúta tí ìrìn rẹ̀ bá ń bá ti Júpítà dọ́gba, irú bí èyí tó ń yípo lẹ́ẹ̀mẹta kí Júpítà tó yípo lẹ́ẹ̀kan, á dà bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà tí wọ́n ń tì lásìkò kan náà ṣáá. Bó pẹ́ bó yá, á já kúrò níbẹ̀.

"Ta ló fún Júpítà láṣẹ?" Bàbá Sánmà béèrè.

Ìyá Ìbejì wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ẹni tó kó òkúta ìjọba kúrò nípò wọn. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì fi àga kan sílẹ̀ lófìfo fún aṣojú Júpítà.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí sórí irú eré báyìí bí kì í bá ṣe pé Ìyá Ìbejì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí òkúta tuntun kan. Bí wọ́n ṣe ń rí i kò ní ariwo nínú. Wọ́n á ya àwòrán ojú ọ̀run kan, wọ́n á tún ya òmíràn, wọ́n á fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn ìràwọ̀ á dúró síbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹyọ ohun kan á ti sún díẹ̀. Èyí tí wọ́n rí yìí, kò sẹ́ni tó tíì rí i rí. Ìyá Ìbejì wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ẹlẹ́èédú ni, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àárọ̀.

"Orúkọ mi ló máa jẹ́," Bàbá Sánmà ní.

"Sà, a ó kọ́kọ́ máa ṣọ́ ọ títí ọ̀nà tó ń tọ̀ á fi dá wa lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn nọ́ńbà ni àwọn ìgbìmọ̀ àgbáyé á tó gbọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó máa ń gba ọdún."

"Mínísítà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ta ni òkúta yìí?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbéèrè náà ní orí. Ìyá Ìbejì ṣàlàyé pé lóòótọ́ ni àwọn òkúta kan jẹ́ ẹbí. Òkúta ńlá kan á forí sọ òmíràn láyé àtijọ́, á fọ́, àwọn èérún rẹ̀ á sì máa tọ ọ̀nà kan náà kiri títí dòní. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí ẹbí kankan fún èyí.

"Ẹ bá a wá ẹbí gidi," Bàbá Sánmà ní. "Irú wo ni?"

"Ẹlẹ́èédú, sà."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀.

"Òkúta tó máa jẹ́ orúkọ mi kò lè jẹ́ èédú," Bàbá Sánmà ní. "Ẹ tún un wọ̀n."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwòrán ara rẹ̀ tó ní kí wọ́n yà dé láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán. Àwòrán náà ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ dáadáa. Nínú rẹ̀, ó gbé ìràwọ̀ kan sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tà á. Ó ní inú yàrá awò ni kí wọ́n gbé e kọ́, nítorí ibẹ̀ ni àlejò pàtàkì máa ń dé, ó sì ní kí wọ́n fi gílóòbù ńlá méjì sókè rẹ̀, kí iná ibẹ̀ máa tàn láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ó yẹ kí n dúró níbí kí n sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ wá kò tó nǹkan. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n kì í tan iná fóònù nínú yàrá awò. Nínú irú yàrá yẹn, tí gbogbo ògiri rẹ̀ funfun, ni wọ́n tan gílóòbù méjì sí orí Bàbá Sánmà. Ìmọ́lẹ̀ náà ta sí òrùlé, ó ta sí ògiri, ó sì bá ìmọ́lẹ̀ òkúta wọ ẹnu awò lọ.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń tún un wọ̀n. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ òkúta hàn gòkè lọ fíofío. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò padà mú un. "Irin ni, sà," ló ń wí. "Irin ni yín."

Ìyá Ìbejì wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó wo gílóòbù, ó sì lọ bá Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì.

"Sà, kì í ṣe òkúta la wọ̀n. Iná àwòrán yín ló wọ inú awò. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká tún un ṣe."

"Pa kí ni?"

"Iná yẹn, sà."

"Iná orí ta?"

"Iná orí yín, sà."

Bàbá Sánmà yíjú sí igbákejì rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó ní kí wọ́n pa mí."

"Mo gbọ́, sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn. "Orí yín gan-an ló dárúkọ."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, wọ́n ti yọ Ìyá Ìbejì kúrò nídìí òkúta, wọ́n fi í sí ibi títo àga fún ọjọ́ tí Mínísítà máa wá. Wọ́n sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ayé pé ilé ìwòràwọ̀ náà ti rí òkúta onírin.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì délé, ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Kí ló dé?" ó bi í. "Bí wọ́n bá pe òkúta ní irin, ṣé òkúta á sunkún ni?"

"Òkúta kọ́ ni mò ń rò. Àwọn kan lókè òkun ń kọ́ ọkọ̀ ojú ọ̀run tó máa gba àárín ìgbànú yẹn kọjá. Wọ́n ń wá òkúta onírin kan tí wọ́n lè yà wò lọ́nà, èyí tí wọ́n rí nítòsí ọ̀nà wọn sì ni tiwa. Bí wọ́n bá yà síbẹ̀, wọn ò ní lè yà síbòmíràn mọ́. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, Bàbá Ìbejì."

"Sọ fún wọn nígbà náà."

"Ọ̀gá ní ẹni tó bá bá ará ìta sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ òun, kó máa lọ sílé. Ìwọ náà mọ̀ pé owó iṣẹ́ mi la fi ń rán àwọn ọmọ níléèwé."

Ọkọ rẹ̀ jẹun díẹ̀, ó ń rò ó. "Ṣé wọ́n ò ní wá síbi ayẹyẹ náà ni?"

"Ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀."

"Ìwọ lò ń to àga, àbí? Mọ ibi tó o máa fi tirẹ̀ sí."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Àwọn àlejò kún yàrá awò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkùnkùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Àlejò òkè òkun náà, àgbàlagbà obìnrin kan tó ní irun funfun, bá àga rẹ̀ níwájú gan-an, kò jìnnà sí kọ̀ǹpútà ńlá tí ìlà òkúta wà lójú rẹ̀. Awò ti dojú kọ òkúta náà, iná ń tàn lórí àwòrán Bàbá Sánmà, ìlà wà lókè réré. Bàbá Sánmà wọ aṣọ tó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tẹ̀ba. Ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Mínísítà wa ọlọ́lá," ó bẹ̀rẹ̀, "oòrùn tí kì í wọ̀, tí ó bá sì wọ̀, tó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí àwa tó kù sinmi ni. Kí ẹ tó rán mi wá síbí, sánmà wa dà bí ilé tí kò ní baálé. Òkúta ń rìn bó ṣe wù ú. Mo dé, mo sì fún òkúta ní ọ̀wọ̀. Òkúta gbọ́ pé mo dé. Òkúta kan tó jẹ́ ojúlówó irin jáde wá láàárín ẹgbàágbèje èédú, ó ní òun fẹ́ jẹ́ orúkọ mi. Èmi kọ̀. Ó bẹ̀ mí."

"Ó bẹ̀ wọ́n," Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí láti ẹ̀gbẹ́. "Ojú mi ló ṣe."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mínísítà náà pàtẹ́wọ́, nítorí ó ti lọ sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lánàá pé orílẹ̀-èdè yìí ti ní irin tirẹ̀ lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pàtẹ́wọ́ ló gbójú sókè.

"Àwòrán ta nìyẹn?" ó béèrè.

"Tèmi ni, sà."

"Ibo ni tèmi wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ni tirẹ̀ wà, kò sì ní gílóòbù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, wọ́n ní òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá Sánmà kò jẹ́ kí èémí kan kọjá kó tó dáhùn. "Wọ́n ń gbé e bọ̀, sà. Ibí yìí gan-an la fẹ́ gbé e kọ́. Tèmi kàn ń bá yín mú ààyè ni."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti fò jáde láti lọ gbé e. Bàbá Sánmà, tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ìyìn náà, fúnra rẹ̀ gun àga, ó fa wáyà iná yọ, ó sì gbé ara rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Yàrá ṣókùnkùn. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà òkúta já wálẹ̀.

Àlejò òkè òkun náà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe òkúta yín?"

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ni," Bàbá Sánmà wí láti orí àga. "Ó rí i pé wọ́n gbé mi kúrò."

"Tan iná yẹn," Mínísítà ní.

Ó tàn án. Ìlà gòkè.

"Pa á."

Ó pa á. Ìlà wálẹ̀.

Mínísítà tún ní kó tàn án, ó tún ní kó pa á, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí iná ti ń wá. Láàárín èyí ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé àwòrán Mínísítà dé, ó gbé e kọ́, ó sì ti wáyà bọ ihò rẹ̀. Iná tàn sórí Mínísítà, ìlà sì fò sókè. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ìlà, ó wo àwòrán. "Sà," ó ní, "ẹ ò rí i pé ẹ̀yin ni òkúta náà mọ̀, kò mọ Ọ̀gá Àgbà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn gbà á. Ẹ̀rín náà ń bọ̀ síwájú láti àga dé àga, títí tó fi kan àwọn akọ̀ròyìn. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń rántí ohun tó sọ níwájú àwọn aṣòfin.

"Ta ló mọ òkúta yìí nínú yín?" ó béèrè.

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sẹ́yìn, sí ibi tí Ìyá Ìbejì dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga tó ṣẹ́kù. Ó bọ́ síwájú.

"Ẹlẹ́èédú ni, sà. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbé iná wá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá. Kò sí irin níbẹ̀."

Àlejò òkè òkun náà dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun, ìyá," ó ní. "Ìpàdé tí a fẹ́ fi yan ibi tí ọkọ̀ wa máa yà sí ti sún mọ́lé."

Mínísítà kò dúró mu omi. Wọ́n ní irọ́ a máa sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n irọ́ tiwa yìí kò ní ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí Bàbá Sánmà lọ sinmi nílé. Ó lọ sí ẹ̀ka òdòdó láti béèrè ipò rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní kó dákun, àwọn òdòdó ń ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ni-Sà jẹ́rìí níwájú àwọn olùwádìí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni òun ti ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá Sánmà, ṣùgbọ́n pé ẹ̀gàn ni òun ń fi ṣe. Wọ́n sọ òun náà di akọ̀wé lásán, ó sì ní kò sí ipò tó ga tó o. Ìyá Ìbejì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́èédú padà sí orúkọ wọn, ìgbìmọ̀ Júpítà sì túká láìjẹ́ pé aṣojú rẹ̀ yọjú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkùnrin náà wá kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rìn títí dé yàrá awò, ó bá Ìyá Ìbejì nídìí kọ̀ǹpútà, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí i?"

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ náà sì nìyí tí Ìyá Ìbejì ronú kàn án pé láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti dé, kò wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan. Ó fa àga kan fún un. Ó fi àwòrán kan hàn án, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó tún dá ti àkọ́kọ́ padà.

"Èwo ni nínú gbogbo wọn?"

"Èyí tó sún kúrò nípò rẹ̀, sà."

Ó pẹ́ kó tó rí i. "Ó kéré," ó ní.

"Ó jìnnà ni, sà."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé àbùkù ni kí òkúta jẹ́ ẹlẹ́èédú?"

"Rárá o. Àwọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí oòrùn ti wà lọ́mọdé. Bí a bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn la máa ń bi."

Ó tún tẹjú mọ́ àwòrán náà. Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ìbejì, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ fún un. Ọkùnrin náà bá na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ìyẹn ni pé àgbà ni," ó ní.

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ ti mẹ́nu kàn án ní ìpàdé ni mo ti mọ̀ pé àgbà ni, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ni. Ẹ bá mi fi sínú àkọsílẹ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀."

Òkúta náà ti ń sún mọ́ eteetí àwòrán, Ìyá Ìbejì sì yí awò díẹ̀ kó lè máa bá a lọ.